Nígbà tí afẹ́fẹ́ òjijì bá kọ lu bàálù kékeré tó ń gbéra: ìbéèrè àti ìdáhùn

Olùkọ́ físíìsì ni mí ní Abẹ́òkúta. Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn ni fídíò kan ti ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Bàálù kékeré kan ń sáré lórí rọ́nwéè, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé imú sókè ni apá òsì rẹ̀ bá dìde lójijì bí ìgbà tí ènìyàn bá gbé etí ẹní sókè, apá ọ̀tún ha ilẹ̀, ó yí po, ó sì dojú dé sínú koríko. Ọpẹ́lọpẹ́ bẹ́líìtì, awakọ̀ rẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde. Láti ìgbà náà ni àwọn òbí, àwọn ará àdúgbò àti àwọn tí a jọ ń wọ ọkọ̀ ní Pànṣẹ́kẹ́ ti ń da ìbéèrè bò mí. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ni mo kó jọ síhìn-ín.

Inú afẹ́fẹ́ ni bàálù ń gbé. Báwo ni afẹ́fẹ́ kan náà ṣe wá lè dà á nù?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò ni pé eré tí táyà bàálù ń sá lórí ilẹ̀ ló ń gbé e sókè. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Eré tí afẹ́fẹ́ ń sá kọjá lórí apá rẹ̀ ló ń gbé e, ilẹ̀ kò sì ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Agbára ìgbésókè yìí kì í sì í fi ìwọ̀n kan náà pọ̀ pẹ̀lú eré afẹ́fẹ́: bí eré afẹ́fẹ́ lójú apá bá di ìlọ́po méjì, agbára náà yóò di ìlọ́po mẹ́rin, bí eré bá sì jẹ́ ìdajì, ìdá mẹ́rin kan péré ni yóò kù. Nínú ìṣirò kékeré yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà, ẹ jẹ́ kí a ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé bàálù kékeré kan ń gbéra, ohun èlò iwájú awakọ̀ sì ń sọ pé afẹ́fẹ́ ń kọjá lórí apá rẹ̀ ní 60 nọ́ọ̀tì. Nọ́ọ̀tì kan jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 1.85 ní wákàtí kan. Nínú 60 yìí, bàálù fúnra rẹ̀ ń sá 45 lórí ilẹ̀. 15 tó kù jẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ bọ̀ láti iwájú. Lójijì, afẹ́fẹ́ iwájú yẹn dákẹ́. Bàálù wúwo, kò lè fi ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì rí eré tó sọnù náà padà, nítorí náà 45 ni gbogbo ohun tó kù lójú apá rẹ̀. 45 jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́rin 60, ṣùgbọ́n agbára ìgbésókè ti di mẹ́sàn-án nínú mẹ́rìndínlógún. Ìyẹn ni pé nínú gbogbo 100 tó ń gbé e sókè tẹ́lẹ̀, nǹkan bí 56 ló kù, bẹ́ẹ̀ ìwúwo bàálù kò fi kílò kan dín. Bí ó bá wà ní mítà ẹgbẹ̀rún lókè ni, yóò kàn jábọ́ díẹ̀, yóò sì tún rí ara gbà. Ṣùgbọ́n mítà mẹ́wàá péré ló fi kúrò nílẹ̀. Kò sí àyè tí yóò jábọ́ sí.

Ṣé kì í ṣe afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn ló yẹ kó ran bàálù lọ́wọ́, bí ó ṣe ń ran ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́?

Kẹ̀kẹ́ ń fẹ́ kí a tì í lẹ́yìn. Bàálù kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ bí ó bá ń gbéra. Afẹ́fẹ́ iwájú jẹ́ eré ọ̀fẹ́ fún un: kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, afẹ́fẹ́ ti ń kọjá lórí apá. Afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn jẹ́ gbèsè tí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jèrè. Ìdí nìyí tí awakọ̀ fi ń yan orí rọ́nwéè tí yóò mú kí ó kọjú sí afẹ́fẹ́, àní bí ibi tó ń lọ bá wà ní òdìkejì.

Afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ ńkọ́? Ó dà bí ẹni pé òun ló dojú èyí tó wà nínú fídíò dé.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ẹni tó bá fẹ́ lóye afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́, kí ó lọ sí Ìtòkú lọ́sàn-án. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan níbẹ̀ nínú oṣù kẹrin, ó ti sá àdìrẹ mẹ́jọ sórí okùn kan, omi aró ṣì ń kán ní etí wọn. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ń fẹ́ bí okùn náà ṣe lọ, àwọn aṣọ kàn ń mi jẹ́jẹ́, ìkan ń fi ara pa ìkejì. Nígbà tó ṣe, ojú ọjọ́ ṣú ní apá ìlà oòrùn, afẹ́fẹ́ yí padà, ó wá gba àárín aṣọ. Gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n tẹ́jú bí pátákó, igi tí a so okùn mọ́ sì tẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà kò le ju ti àkọ́kọ́ lọ lọ́nà tó yani lẹ́nu. Ibi tó ti wá ló yàtọ̀. Ìyá náà kò wo ojú sánmà lẹ́ẹ̀mejì tó fi ń já àwọn aṣọ rẹ̀ bọ́ lórí okùn.

Bí bàálù bá ń sáré lórí rọ́nwéè tí afẹ́fẹ́ sì gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, nǹkan méjì ló máa ń ṣẹlẹ̀ pọ̀. Apá tó kọjú sí afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́ dìde ju ìkejì lọ. Ìrù tó dúró gbọnrangandan lẹ́yìn sì máa ń gba afẹ́fẹ́ bí àsíá, á ti ìdí bàálù lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, imú rẹ̀ á sì máa yí lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí táyà bá ṣì tẹ ilẹ̀ dáadáa, awakọ̀ lè fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bá a wọ̀yá ìjà. Ìṣẹ́jú àáyá tó léwu jù ni ìgbà tí ìwúwo bàálù ti kúrò lára táyà ṣùgbọ́n tí kò tíì di ti apá pátápátá: kò sí nílẹ̀, kò sí lókè. Bí afẹ́fẹ́ òjijì bá bá a níbẹ̀, apá kan á gòkè, èkejì á ha ilẹ̀, ó sì parí.

Igun tí afẹ́fẹ́ gbà wọlé ṣe pàtàkì. Afẹ́fẹ́ 20 nọ́ọ̀tì tó fi igun 30 dígírì bá rọ́nwéè pàdé ń ti bàálù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí 10 nọ́ọ̀tì péré. Bí ó bá gba 90 dígírì, gbogbo 20 ló gba ẹ̀gbẹ́. Àwọn rọ́nwéè tó wà ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà ní Èkó, tí púpọ̀ nínú wa láti Abẹ́òkúta ń lọ wọkọ̀, ń jẹ́ 18 àti 36. Ohun tí nọ́ńbà yìí túmọ̀ sí ni 180 àti 360 dígírì lójú kọ́ńpáàsì, ìyẹn gúúsù àti àríwá. Bẹ́ẹ̀ ìjì tó ń ṣíwájú òjò ńlá ní ilẹ̀ Yorùbá sábà máa ń ti ìlà oòrùn wá. Ẹ̀gbẹ́ ló gbà dé.

Kí ló dé tí bàálù ńlá kì í fi í dojú dé bẹ́ẹ̀?

Ìwúwo àti eré ni. Cessna 172, tí ó jẹ́ bàálù kékeré tí a ṣe jù lọ láyé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní nǹkan bí ọdún 1956, ní ìjókòó mẹ́rin. Ìwúwo tó pọ̀ jù tí oríṣi S rẹ̀ lè fi gbéra, pẹ̀lú epo àti èrò, kò ju kílò 1,157 lọ. Toyota Camry òfìfo tó ń gbé èrò lọ sí Ṣágámù lójoojúmọ́ wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá fi apá tó gùn ní mítà 11 láti etí dé etí sára ohun tó fúyẹ́ ju Camry, kí ẹ sì gbé e síwájú ìjì. Boeing 737-800 lè gbéra pẹ̀lú nǹkan bíi kílò 79,000.

Eré náà tún wà níbẹ̀. Cessna yìí ń gbé imú sókè ní nǹkan bí 55 nọ́ọ̀tì, ọkọ̀ ńlá sì máa ń lé ní 130. Bí a bá yọ 15 kúrò nínú 130, ó ń dunni. Bí a bá yọ 15 kúrò nínú 55, ó lè pani. Ìwé tí ó ń bá Cessna 172S rìn sọ pé afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n fi dán an wò tó sì ṣeé darí jẹ́ 15 nọ́ọ̀tì, ìyẹn kìlómítà 28 ní wákàtí. Òfin kọ́ ni nọ́ńbà náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kọjá rẹ̀ ń dán nǹkan wò lórí ẹ̀mí ara rẹ̀.

Irú afẹ́fẹ́ wo gan-an ni ẹ ń pè ní òjijì?

Oríṣiríṣi ni. Àkọ́kọ́ ni èyí tí gbogbo ará Abẹ́òkúta mọ̀ láì lọ ilé ìwé: afẹ́fẹ́ tútù tó ń ṣíwájú òjò. Ilẹ̀kùn á gbá, pánù orí ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, eruku á bo Láfẹ́nwá, bẹ́ẹ̀ òjò fúnra rẹ̀ kò tíì kán. Inú ìkùukùu òjò ni afẹ́fẹ́ náà ti wá. Ó tutù, ó wúwo, ó já bọ́ sílẹ̀, ó sì ń sáré níwájú òjò. Ó lè fi kìlómítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣíwájú rẹ̀, èyí túmọ̀ sí pé oòrùn lè ṣì wà lórí rọ́nwéè nígbà tí afẹ́fẹ́ náà bá dé. Oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún àti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ni àsìkò rẹ̀ jù lọ lọ́dọ̀ wa.

Ìkejì ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí òun ló burú jù, òun ni kò sì hàn sí ojú. Ẹ da garawa omi kan sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì láti òkè. Omi náà á já lulẹ̀ tààrà, á sì fọ́n ká sí gbogbo ẹ̀gbẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀wọ́ afẹ́fẹ́ tútù kan ṣe lè já bọ́ láti inú ìkùukùu, tí á lu ilẹ̀, tí á sì tàn ká. Gbogbo fífẹ̀ rẹ̀ kì í tó kìlómítà 4, kì í sì í sábà ju ìṣẹ́jú 5 sí 15 lọ. Bàálù tó bá ń gbéra gba inú rẹ̀ kọjá yóò kọ́kọ́ rí afẹ́fẹ́ iwájú tó le, eré rẹ̀ á pọ̀ sí i, inú awakọ̀ á dùn, ó tilẹ̀ lè dín agbára ẹ́ńjìnì kù. Lẹ́yìn náà ni yóò dé àárín, tí afẹ́fẹ́ á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ó bá la ibẹ̀ já, afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn ló kàn, èyí tí yóò gba gbogbo eré tí ti àkọ́kọ́ fún un, tí yóò sì tún gbà lé e. Ìdẹkùn tí a fi oyin sí lẹ́nu ni.

Ọmọ ilẹ̀ Japan kan, Tetsuya Fujita, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Chicago, ló tú àṣírí rẹ̀. Ọ̀dọ́ ni lọ́dún 1945 nígbà tó lọ wo ibi tí bọ́ǹbù átọ́míìkì bọ́ sí ní Nagasaki, ó sì rí bí àwọn igi ṣe ṣubú sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ láti àárín kan ṣoṣo. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ó rí igi igbó ní Amẹ́ríkà tó ṣubú lọ́nà kan náà láì sí bọ́ǹbù. Nígbà tí ọkọ̀ Eastern Air Lines 66 já ní New York ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà 1975, tí ènìyàn 113 sì kú, òun ló sọ pé afẹ́fẹ́ tó já láti òkè ló fà á. Àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ó gbé rédà lọ sí pápá ní 1978, rédà sì rí i.

Ẹ̀kẹta ni afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ ńlá fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Apá ọkọ̀ ńlá ń fi afẹ́fẹ́ tó ń yí bí òòyì sílẹ̀ bó ṣe ń lọ, bàálù kékeré tó bá sì gbéra tẹ̀ lé e kíákíá lè yí dànù láì sí ìjì kankan. Ìdí nìyí tí àwọn tó wà ní ilé ìṣọ́ fi máa ń dá bàálù kékeré dúró fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta.

Màmá mi ní ààjà ni. Kí lẹ rí sí i?

Ẹ bá mi kí màmá. Wọn kò jìnnà sí òtítọ́. Ààjà jẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń yí, tó ń gbé eruku àti ewé sókè ní ọ̀sán gangan nígbà tí ilẹ̀ bá gbóná, ó sì ti dojú bàálù kékeré dé ní àwọn ibi gbígbẹ láyé. Ibi tí èmi àti màmá ti yapa ni pé wọ́n gbà pé ẹnì kan ló rán an. Ilẹ̀ tó gbóná ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ ni ó rán an, afẹ́fẹ́ gbígbóná á ru sókè, ti àyíká á sì sáré wá rọ́pò rẹ̀. Ní ti ìyókù ohun tí a gbọ́ nípa àwọn tí ààjà gbé lọ tí wọ́n sì kọ́ egbòogi bọ̀, físíìsì kò dá sí i.

Ṣé awakọ̀ kò lè rí i kó tó gbéra ni?

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àmì máa ń wà. Ní ẹ̀gbẹ́ rọ́nwéè, wọ́n ń gbé àpò aṣọ gígùn kan kọ́ sórí òpó, àwọ̀ ọsàn tàbí àwọ̀ ọsàn pẹ̀lú funfun, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ tín-ín-rín. Afẹ́fẹ́ ló ń kún inú rẹ̀. Bí ó bá rọ̀ jọwọrọ, afẹ́fẹ́ kò sí. Bí ó bá nà tàn-ìn, afẹ́fẹ́ le. Bí ó bá ń nà tó tún ń rọ̀, tó ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún, ìyẹn ni kí awakọ̀ bẹ̀rù jù. Bí rọ́nwéè bá ní àpò méjì, ọ̀kan ní orí kọ̀ọ̀kan, tí àwọn méjèèjì sì kọjú sí ara wọn, kí ó pa ẹ́ńjìnì.

Ìròyìn ojú ọjọ́ tún wà, èyí tí àjọ NiMet ń gbé jáde fún àwọn pápákọ̀ Nàìjíríà. Bí awakọ̀ bá rí 24008G22KT nínú rẹ̀, ohun tí ó ń kà ni pé afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti 240 dígírì ní 8 nọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n ó ń fò sókè dé 22 nígbà mìíràn. Lẹ́tà G yẹn kéré lójú ìwé. Nọ́ọ̀tì 14 tó wà láàrin 8 àti 22 ni afẹ́fẹ́ lè fún un lójijì, tàbí kí ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì.

Bí ó bá wá bá a lẹ́nu eré ńkọ́?

Bí táyà bá ṣì wà nílẹ̀ tí rọ́nwéè sì kù níwájú, kí ó dá ẹ́ńjìnì dẹ̀, kí ó tẹ bíréèkì, kí ó sì jẹ́ kí ojú tì í. Àwọn olùkọ́ ìwakọ̀ òfurufú ní òdiwọ̀n kan tó rọrùn: bí bàálù bá dé ìdajì rọ́nwéè tí kò sì tíì ní 70 nínú ọgọ́rùn-ún eré tó fi ń gbéra, kí ó dúró.

Fún afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ eré ni awakọ̀ ti ń yí ọwọ́ ìdarí sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kí apá ẹ̀gbẹ́ yẹn má bàa dìde, tí ó sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì òdìkejì kí imú má bàa yà. Á jẹ́ kí bàálù pẹ́ díẹ̀ sí i nílẹ̀, kí eré rẹ̀ pọ̀ ju ti ojoojúmọ́, kí ó lè já kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Bí ó bá ti wà lókè, ohun tó yẹ kó ṣe lòdì sí ohun tí ara ń sọ. Ara ń sọ pé ilẹ̀ ń bọ̀, fa imú sókè. Bí ó bá fà á ju bó ti yẹ lọ, apá kò ní lè di afẹ́fẹ́ mú mọ́, bàálù á sì já bí òkúta. Gbogbo agbára ẹ́ńjìnì ni kí ó lò, kí apá méjèèjì dọ́gba, kí imú wà níbi tí eré kò ti ní sọnù, kí ó sì máa lọ tààrà. Bí kò bá ní í ṣeé gbà là, inú oko ẹ̀gẹ́ tó wà níwájú sàn ju kí ó fẹ́ yí padà sí rọ́nwéè lọ. Ẹni tó ń yí ní mítà 50 láti ilẹ̀ nínú ìjì, ìwọ̀nba eré tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń ná dànù.

Ṣé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà rí?

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ tó tóbi ju èyí lọ dáadáa. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá 2006, Boeing 737 ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ADC gbéra ní Àbújá, ó ń lọ sí Sókótó, ìjì sì wà nítòsí. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ tí ó fi já. Ènìyàn 105 ló wà nínú rẹ̀, mẹ́sàn-án péré ló yè. Sultan Sókótó, Muhammadu Maccido, wà lára àwọn tó kú. Ìwádìí ìjọba sọ pé awakọ̀ pinnu láti gbéra nínú ojú ọjọ́ tí a ti mọ̀ pé kò dára, àti pé kò darí ọkọ̀ náà bó ti yẹ nígbà tí afẹ́fẹ́ yí padà lábẹ́ rẹ̀.

Lókè òkun, ọkọ̀ Pan Am 759 gbéra nítòsí New Orleans ní ọjọ́ 9 oṣù keje 1982 bọ́ sínú irú afẹ́fẹ́ garawa omi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ènìyàn 153 ló sì kú, mẹ́jọ nínú wọn wà nínú ilé wọn nílẹ̀. Ní ti bàálù kékeré, èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti Cheyenne, ní ìpínlẹ̀ Wyoming, ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin 1996. Wọ́n fẹ́ kí ọmọbìnrin ọmọ ọdún méje kan fi bàálù la Amẹ́ríkà já, àwọn oníròyìn sì ti ń dúró dè é ní ìlú tó kàn. Òjò ń bọ̀, afẹ́fẹ́ ń já sókè já sódò, ìlú náà wà lórí òkè gíga níbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́, ẹrù bàálù sì ti ju òdiwọ̀n lọ. Olùkọ́ tó wà nídìí rẹ̀ gbéra. Ọmọ náà, bàbá rẹ̀ àti olùkọ́ náà ló kú. Lára ohun tó lé wọn ni pé àwọn ènìyàn ń retí wọn.

Ti Lísà ńkọ́? Ṣé afẹ́fẹ́ kọ́ ló fa ìyẹn?

Kò sí ìpàdé tí a ti ń sọ̀rọ̀ bàálù ní ìpínlẹ̀ Ògùn tí a kì í dárúkọ Lísà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀, níbi tí ọkọ̀ Bellview 210 já sí ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá 2005, tí gbogbo ènìyàn 117 inú rẹ̀ sì kú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ojú afẹ́fẹ́ wò ó nítorí pé kò pẹ́ tó gbéra ní Èkó ló já. Ìwádìí kò rí ẹ̀rí tó fìdí okùnfà kankan múlẹ̀ láì kù síbì kan, nítorí náà kò yẹ kí a fi ti afẹ́fẹ́ sọ ọ́ lọ́rùn.

Ta ló ń ṣèwádìí, báwo ni wọ́n sì ṣe ń mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni?

Àjọ NSIB ni, tí à ń pè ní AIB tẹ́lẹ̀ kí òfin ọdún 2022 tó yí orúkọ rẹ̀ padà. Òfin àgbáyé ní kí ìròyìn àkọ́kọ́ jáde láàrin ọjọ́ 30, ó sì sọ gbangba pé kì í ṣe láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ni ìwádìí náà wà fún. Ìyẹn kì í tẹ́ àwa ènìyàn lọ́rùn, a fẹ́ràn kí á mọ ẹni tí a máa bú, ṣùgbọ́n awakọ̀ tó ń bẹ̀rù ẹ̀wọ̀n kò ní sọ ohun tó rí.

Bàálù kékeré kì í sábà ní àpótí tó ń gba ohùn sílẹ̀. Àwọn aṣèwádìí á wo abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀. Bí ewé abẹ̀bẹ̀ náà bá wọ́ bíi lẹ́tà S, tí ó sì gé ilẹ̀ léraléra, ẹ́ńjìnì ṣì ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú agbára nígbà tó já. Bí ó bá kàn tẹ̀ sẹ́yìn, ẹ́ńjìnì lè ti kú ṣáájú. Bí ẹ́ńjìnì bá yè kooro, tí okùn ìdarí kò já, tí ẹrù kò pọ̀ jù, wọ́n á gbé ìwé ojú ọjọ́ wákàtí náà, wọ́n á sì bi àwọn tó wà nítòsí bóyá ẹ̀ka igi ṣẹ́, bóyá pánù fò. Ẹ̀rí àgbẹ̀ tó wà lóko ń wúlò níbẹ̀ ju bí ó ti rò lọ.

Bí irú rẹ̀ bá já sí oko wa, kí ni kí á ṣe?

Ẹ pe 112. Ẹ má mu sìgá, ẹ má sì dáná nítòsí. Epo bàálù kékeré sábà máa ń ní àwọ̀ búlúù bí omi aró tí a ti là, bẹntiróòlù ni, ó sì ń gbaná kíákíá. Bí ẹ bá lè fa ènìyàn jáde láì fi ara yín wewu, ẹ gé bẹ́líìtì kí ẹ fà á. Ẹ jìnnà sí abẹ̀bẹ̀ iwájú kódà bí kò bá yí. Àwọn bàálù kan, bíi Cirrus, ní párásúùtì tí rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré ń yìn jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀. Bí kò bá tíì yìn tẹ́lẹ̀, ó lè yìn lójú ẹni tó bá ń tú u. Ẹ má sì mú irin kankan lọ sílé, bí ó ti wù kí ó kéré tó, torí ó lè jẹ́ òun gan-an ni wọ́n ń wá.

Wọ́n pè mí láti bá wọn wọ bàálù kékeré lọ síbi ìnáwó kan. Kí ni kí n bi wọ́n?

Ẹ sọ ìwúwo yín gan-an, pẹ̀lú ti báàgì, ẹ má fi ìtìjú dín kílò kù. Ẹ rí i pé bẹ́líìtì tó gba èjìká kọjá wà, kì í ṣe ti ìdí nìkan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi awakọ̀ ní ojú gbogbo ènìyàn pé bí ojú ọjọ́ bá ṣú, ṣé ẹ lè dúró di ọ̀la. Bí ó bá fi ẹ̀rín dáhùn, ẹ wá ọkọ̀ míì. Bí ó bá sì dúró, ẹ má ṣe yọ ọ́ lẹ́nu pé àwọn àlejò ti jókòó, pé ìyàwó ti wọlé, pé aṣọ ẹbí yóò ṣòfò. Afẹ́fẹ́ garawa omi yẹn kì í sábà ju ìdá mẹ́rin wákàtí lọ, ìjì tó ń ṣíwájú òjò sì máa ń kọjá láàrin wákàtí kan tàbí méjì.

Bàálù tó wà nílẹ̀ tí a ti pa ńkọ́? Ṣé afẹ́fẹ́ lè dà á nù?

Ọmọ JSS 2 kan ló bi mí ní èyí, òun ni mo sì gbà pé ó gbọ́n jù nínú gbogbo wọn. Ó lè dà á nù. Apá kò mọ̀ pé a ti pa ẹ́ńjìnì. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń kọjá lórí rẹ̀ kíkankíkan, yóò máa gbéra. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń so bàálù kékeré mọ́lẹ̀ ní ibi mẹ́ta, okùn kan lábẹ́ apá kọ̀ọ̀kan àti ọ̀kan ní ìrù, mọ́ irin tí a rì sínú kọnkéré, tí wọ́n sì ń fi ohun èlò dè ìdarí rẹ̀ kó má bàa máa mì. Ọmọ náà béèrè pé ta ló ń tú okùn náà. Mo ní awakọ̀ ni, lẹ́yìn tó bá ti wo ojú ọjọ́.